Ọ̀gbẹ́ni Nígbà-tí-mo-wà-ní-Japan

Kò sí ìlú tí kò ní tirẹ̀. Tiwa ní Ìrókò, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ló wà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò ní Japan. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tó ti padà, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ nìkan ló délé. Àjọ JICA ti ìjọba Japan ló máa ń kó irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Tsukuba, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìrẹsì, á ní ó wà nínú ìwé. Ẹ wá bi í léèrè tonkatsu, kẹ́ ẹ sì tètè wá àga jókòó.

Àgbà ni o. Ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é, ṣùgbọ́n àwọn ará Japan pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kí "wọ́n" tiwọn dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀. Òun gan-an ìbá fẹ́ kó dàpọ̀.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín ni tonkatsu. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé òun kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni èyí tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé àwọn aládùúgbò. Bí ó bá kọjá níwájú rẹ̀, á di imú. Ìyàwó rẹ̀ dín in lọ́jọ́ Kérésì, ó ní inú òun kò gba nǹkan báyẹn. Ti Japan nìkan ni inú rẹ̀ gbà. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní *ton*, pé *cutlet* tí òyìnbó ń pè ni ahọ́n wọn rún títí tó fi di *katsuretsu*, tí wọ́n wá gé e kù sí *katsu*. *Katsu* yìí kan náà ni "borí" lédè wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi máa ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó wọlé ìdánwò. Lọ́dún tí ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ ṣe JAMB, ìtàn náà ló fún un jẹ. Ọmọ náà tún JAMB ṣe lọ́dún kejì.

Bí ó bá ń ròyìn ilé oúnjẹ tó ti jẹ ẹ́, láti ọkọ̀ ojú irin ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti Tsukuba dé Akihabara, ìṣẹ́jú 45, kò lé, kò dín. Láti ibẹ̀, Ueno kò ju ibùdókọ̀ méjì lọ. Látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tó sì jẹ́ pé Mọ́níyà tiwa yìí ló ń dé sí, kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Ó kàn máa ń lọ dúró síbẹ̀ láti wo aago ọwọ́ rẹ̀, kó sì mi orí.

Ó ní wọ́n fi òun jókòó síwájú alásè gan-an, pákó gbọọrọ kan ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó yí ẹran sínú ìyẹ̀fun, ó rì í sínú ẹyin, ó wá fi ẹ̀rún búrẹ́dì wọ̀ ọ́ láṣọ, ó jù ú sínú òróró, ó sì dẹ etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò. Nígbà tó fi ọ̀bẹ lé e, ó dún *kàrà, kàrà*. (Ibí yìí ni Ọ̀gbẹ́ni máa ń pa ojú dé.) Wọ́n gbé odó kékeré kan tí inú rẹ̀ rí ṣákaṣàka sílẹ̀ fún un, yànmọ̀tí ló wà níbẹ̀, oníbàárà ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ọ́ kó tó da ọbẹ̀ dúdú lé e. Òun náà lọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ni Ìyá Alámàlà wa ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi mu nínú àmù, tó fi dìde lọ láì jẹun.

Kábéèjì tútù, tí wọ́n gé tín-ín-rín bí òwú, jọ gègèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran. Bó bá tán, wọn á tún fi kún un, wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀. Èènì ni, àbí? Àwa náà ń ṣe èènì. Ó ní rárá, ti Japan kì í ṣe èènì, ọ̀wọ̀ ni. Ọbẹ̀ olómi kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ miso, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sé mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú nìyẹn." Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ilé rẹ̀ kì í fi irú sebẹ̀. Ó ní òórùn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ agbádá.

Níbi ìkómọ kan nílé Àlhájì àdúgbò wa, tí gbogbo wa ń dúró de ìrẹsì, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin *rosu*, tó lọ́ràá létí, àti *hire*, tí kò lọ́ràá rárá. Àlhájì fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ tún padà lọ, ẹ ó sì pẹ́ níbẹ̀." Gbogbo wa ṣe àmín. Ti Ọ̀gbẹ́ni ló dún jù.

N kò ní purọ́, ìtàn rẹ̀ dùn. Òun ló sọ fún wa pé ní ọdún 675 ni Ọba Tenmu ti Japan ti fòfin de jíjẹ màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ àti adìyẹ, nítorí ẹ̀sìn Búdà, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó di 1872 kí wọ́n tó kéde pé Ọba Meiji fúnra rẹ̀ ti jẹ ẹran màlúù. Ní 1895 ni ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Rengatei ṣí ní Ginza, ní Tokyo. Oúnjẹ òyìnbó ni wọ́n ń tà, ẹran tí wọ́n fi bọ́tà yan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bọ́tà sílẹ̀, wọ́n ń rì í sínú òróró bí ẹja tiwọn. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà kó àwọn ọmọ ìdáná lọ ní 1904, kò sẹ́ni tó máa se ẹ̀fọ́ mọ́, wọ́n bá gé kábéèjì tútù sí i. Nígbà tó yá, wọ́n ń gé ẹran náà sílẹ̀ kó lè ṣe é fi igi méjì mú.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá ló ní òun máa fi tonkatsu han Ìrókò. Ó ra ẹran ní Mọ́níyà, ó fi ọ̀rá mẹ́ta dì í kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀, ó gbé e lọ bá Ìyá Alámàlà. Ó fi igi ìjẹun méjì kọ́ àpò ṣẹ́ẹ̀tì bíi bírò. Búrẹ́dì Agége ló ní kí màmá sá sóòrùn fún ọjọ́ méjì, kí ó gbẹ dáadáa, kí ó sì rún un. Búrẹ́dì gbẹ lóòótọ́. Ewúrẹ́ ló rún un.

Màmá kò pariwo. Ó bu gàrí, ó fẹ́ ẹ, ó yí ẹran mọ́ ọn, ó jù ú sínú agbada. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dẹ etí sí i, ṣùgbọ́n ó dẹ etí. Nígbà tó gé e, *kàrà, kàrà*, gbogbo ìsọ̀ yíjú.

Ọ̀gbẹ́ni bu díẹ̀ jẹ. Ó dákẹ́. Ó tún bu òmíràn.

"Màmá, kí lẹ fi bò ó?"

"Gàrí ni, ọ̀gá."

"Gàrí kẹ̀! Èyí kì í ṣe tonkatsu. Wọn kì í fi gàrí ṣe é."

"Ẹ má bínú. Bọ́tà tí òyìnbó ń lò, ṣé àwọn ará Japan tọrọ ààyè kí wọ́n tó fi sílẹ̀?"

Ó ní ìyẹn yàtọ̀, ó sì ti àwo síwájú. Àwọn ọmọ ọlọ́kadà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà dá sí i, wọn kò lo igi méjì. Ẹyọ mẹ́ta ló kù nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni sáré bo àwo náà mọ́lẹ̀. Ó ní kí màmá bá òun di ìyókù sínú ọ̀rá, ajá òun á jẹ ẹ́ nílé.

Ògiri kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n jọ pín. Wọn kò ní ajá.