Orúkọ Tí Ìyá Mi Ń Pè Lálẹ́

(Kodjoviakopé, ní Lomé ní Togo, nítòsí ẹnubodè Ghana. Ìyá Alákàrà ti gbé agbada kaná. Délé ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.)

DÉLÉ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Òo, ọkọ mi. Ìyàwó ńkọ́? Ìkókó ńkọ́? Ọjọ́ wo ni ìrìbọmi?

DÉLÉ: Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Mo fẹ́ dá a dúró ná. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ní ayé àtijọ́ ni wọ́n ń gbé ọmọ ọwọ́ tọ fadá lọ. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó dàgbà, kó yan èyí tó bá wù ú.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Èdè wo lẹ ń bá a sọ nílé?

DÉLÉ: Yorùbá ni.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Nínú Lomé tí Ewé àti Faransé gba ìgboro kan? Ta ló bá a yàn án?

DÉLÉ: Ìyá, ẹ ti tún dé o. Èdè yàtọ̀ sí ẹ̀sìn.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Ó yàtọ̀. Àmọ́ ohun tó dùn lẹ́nu ìyá, ìyá kì í dúró kí ọmọ gbọ́n kó tó bù fún un. Jókòó. Ọmọ Atakpamé ni mí, o mọ̀. Monique ni wọ́n fi rì mí bọmi. Ní 1974, Ààrẹ Eyadéma ní ká pa orúkọ òyìnbó tì. Òun fúnra rẹ̀ ju Étienne nù. Tíṣà wa ṣí ìwé orúkọ, ó ń fagi lé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkún ni mo sun délé. Ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní gbogbo alẹ́, ní ìdí àdúrà, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí ní Monique, títí mo fi relé ọkọ.

DÉLÉ: Ṣé àṣìsọ ni Eyadéma wá sọ? Orúkọ ilẹ̀ wa ló yẹ wá. Ayọ̀délé lèmi, mi ò sì fẹ́ kọ́mọ mi jẹ́ Jacqueline.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Mi ò bá ọ jiyàn níbẹ̀ yẹn. Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti 1983 pàápàá kò sọ orúkọ ẹni mímọ́ di dandan. Kó má ṣáà tako ìgbàgbọ́, ó tán. Fadá á fi Ayọ̀midé tẹ́ ẹ sọ ọ́ rì í bọmi tayọ̀tayọ̀. Kì í ṣe orúkọ Faransé tó lọ ló dùn mí. Aláṣẹ ayé ló na ọwọ́ wọ inú ohun tí ìyá mi bá Ọlọ́run sọ. Ààrẹ Mobutu ti ṣe irú rẹ̀ ní Zaire ní 1972. Kádínà Malula takò ó, ó sì di èrò Róòmù fún oṣù díẹ̀.

DÉLÉ: Ìjọba nìyẹn. Tèmi, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí mi. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Ẹ̀rín yẹn gan-an ló le. Ẹni tó na ìbọn, o mọ̀ pé ọ̀tá ni. Nígbà tí Kpodzro, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé wa, ń darí àpérò orílẹ̀-èdè ní 1991, gbogbo ayé ló rí ohun tó ń kojú. Ta ló ń rí tìẹ, bó o bá ń ki rósárì bọ àpò torí àwọn ọ̀rẹ́ ń bọ̀?

DÉLÉ: Ta ló sọ fún yín?

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Àgbélébùú rẹ̀ ló yọ síta yẹn.

DÉLÉ: (Ó fọwọ́ kan àpò.) Ó dáa. Màá lọ rí fadá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Kó o sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

DÉLÉ: Wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Kí wọ́n wá rín in nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àkàrà wọn wà lọ́wọ́ mi.