Ọ̀gá Tí Kì Í Fi Oògùn Pa Koríko

Ẹ máa bá a ní Bódìjà, nínú àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ láti ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀. Ẹ máa bá a ní GRA Ìkẹjà náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Dírẹ́bà ti lọ, akọ̀wé ti lọ, kò sí ẹni tó ń gbé fáìlì wọlé mọ́. Ohun tó kù tó lè pàṣẹ fún ni koríko iwájú ilé, kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tó tẹ́ rẹrẹ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀.

Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, jálámíà lọ́rùn, ife tíì lọ́wọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò.

"Gbégi rèé. Patanmọ́ rèé. Ta ló gba imí eṣú láyè níbí?"

Gádínà, ọmọ Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, á tẹ̀ ba díẹ̀: "Ẹ má bínú, sà." Kúèrì ti jáde nìyẹn.

Àlejò tó bá ṣèèṣì yin koríko náà á gbọ́ ìwàásù. A kì í lo oògùn apakoríko níbí o! Ṣebí NAFDAC pàápàá ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024? Òun ti pa á tì kí wọ́n tó sọ ọ́. Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká yìn ín. Ìbàdí ọmọ Kétu ló ń ṣiṣẹ́ tí oògùn ì bá ṣe, àmọ́ ìyẹn kì í sí nínú ìwàásù.

Ọmọ náà mọṣẹ́. Ó máa ń dúró kí òjò rọ̀ kó tó hú gbòǹgbò gbégi, nítorí bí ilẹ̀ bá le, ewé lásán ló ń já sí èèyàn lọ́wọ́. Patanmọ́, kò ní jẹ́ kó so kó tó tu ú. Ẹbí òfìo kan wà tó ń bímọ sábẹ́ ilẹ̀: ìyẹn, ṣe ló ń fi ọ̀bẹ wa ilẹ̀ títí tó fi rí kóro ìsàlẹ̀, torí bí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀, á tún hù. Bó bá fẹ́ gé koríko, á fi tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ kó lè ṣíji bo ilẹ̀, kí irúgbìn èpò má rí oòrùn. Ọ̀gá ló máa ń ní kó fá a mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ iléèwé. Lọ́sẹ̀ kejì, gbégi ti dé.

Ojú pípá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ló fa ọ̀kan. Àfi kí wọ́n wa erùpẹ̀ olóró yẹn dànù, kí wọ́n kó tuntun sí i, kí koríko tó lè hù níbẹ̀. Táyà mọ́tò ọ̀gá ló tẹ èkejì le gbagidi. Ẹ̀kẹta, tó tóbi jù, wà láàárín gbùngbùn, níbi tí pátákó "Ẹ má tẹ koríko" wà. Àwọn ọmọ-ọmọ pàápàá ò gbọdọ̀ sáré kọjá níbẹ̀.

Àmọ́ ọjọ́ ìbí ọ̀gá ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Kánọ́pì mẹ́rin, irin rẹ̀ wọnú ilẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún àga. Bàtà gogoro, omi gbígbóná àwọn alásè, eérú ìdí ìkòkò ìrẹsì. Ọyẹ́ sì ti dé, kò sí òjò tí koríko máa fi rú padà.

Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ Kétu á tú ilẹ̀, á po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn, á gé ìtàkùn koríko létí ògiri, á máa gbìn ín níwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ síra, á sì máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó tó di oṣù Kẹjọ, ó ti pa dé. Ọ̀gá á sọ fún àlejò pé, "Èmi ni mo darí ẹ̀."

Ọdún tuntun tún dé, ọ̀gá dúró lórí ojú pípá.

"Kí ló jẹ koríko yìí?"

"Àga ni, sà."

Ọ̀gá wo àga tí wọ́n ṣì tò sẹ́bàá ògiri, ó wo ọmọ náà, ó ní kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ Kétu kọ ọ́, ojú ewé kan gbáko, ní èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ ọ níléèwé. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì wá fáìlì tó máa fi í sí.