Alákàn Kò Ní Tablet

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti rìn létí òkun Àgbádárìgì mọ̀ pé òótọ́ ni: kí ẹsẹ̀ rẹ tó kan iyanrìn, alákàn ti na ojú méjèèjì sókè, ó ti rí ọ, ó ti wọ ihò lọ. Kò dúró ya àwòrán rẹ. Àwa la wá gbọ́n jù ú lọ. Tablet la gbé ojú wa fún, orí wà níta gbangba.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àlejò kan láti Èkó dé èbúté Marina ní Àgbádárìgì, ó fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Ó ti gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má dáa níbẹ̀, ló bá ti screenshot máàpù láti Mile 2. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ àmì róbótó aláwọ̀ búlúù orí máàpù náà ló tẹjú mọ́, ó ní tablet sọ pé Mile 2 lòun ṣì wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845, wà ní Marina kan náà. Ó kọjá níwájú ẹ̀, kò gbójú sókè.

Ó kan owó ọkọ̀. Ó na screenshot àlẹ́ẹ̀tì orí tablet sí atukọ̀ tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mo ti san án."

Atukọ̀ náà ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Fóònù kékeré onítẹ̀ tirẹ̀ ló ń wò. "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ ná, kó wọlé." Ta ni ò mọ̀ pé àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú kò ṣòro ṣe? Lójú tèmi, òun nìkan ni alákàn tó wà ní èbúté lọ́jọ́ náà.

Ní Gberefu, lọ́nà ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, kànga kan wà. Àwọn afinimọ̀nà máa ń sọ pé wọ́n fipá mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn yẹn, ipá ni. Àǹtí wa, owó ara rẹ̀ ló fi ra omi ìgbàgbé tirẹ̀: tablet. Afinimọ̀nà ń sọ̀rọ̀, òun kọ̀yìn sí kànga, ó ń wá ìtàn kànga náà tó ti screenshot láti ilé. Yíya screenshot ò ṣòro: bọ́tìnnì tí a fi ń tan tablet àti èyí tó ń dín ohùn kù, tẹ̀ wọ́n pọ̀, ó ti yà. Wíwá rẹ̀ ni iṣẹ́. Ọjọ́ àti aago nìkan ni tablet fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń fa ojú tablet: léèsì tí kò rà, ọbẹ̀ tí kò sè, ìjà àwọn ẹbí ọkọ lórí WhatsApp tó ń tọ́jú de ọjọ́ ẹjọ́. (Ti ìjà yìí nìkan ló mọ ibi tó wà.) Google Photos lè ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán, ká ní ó tẹ orúkọ kànga náà síbi ìwákiri ni, bóyá ì bá ti rí i. Kó tó gbójú sókè, wọ́n ti fi í sílẹ̀ lọ.

Létí òkun, tablet ní ààyè ti tán. Àǹtí pa ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ́, ààyè ò ṣí. Google mọ irú wa: ohun tí a bá pa rẹ́ tí kò ní ẹ̀dà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú àpótí ìdọ̀tí ló máa wà fún 30 ọjọ́, bóyá a ó tún padà wá bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá da àpótí náà nù ló máa rí ààyè. Mo sọ fún un.

Ó ní rárá o, tablet yẹn ló ti bàjẹ́, òun máa ra èyí tó tóbi jù ú lọ.