Bí Gbogbo Abọ̀rìṣà Bá Di Òrìṣà

Àwọn àgbà ní bí kò bá sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Àwọn onídán òyìnbó gbọ́ tiwọn sódì: wọ́n ní bí ọ̀dà bá ti wà, òrìṣà dé nìyẹn. Ní ọdún 1888 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ awo Golden Dawn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n a máa kun àwòrán ìdán wọn ní àwọ̀ tó ń bá ara wọn jà, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, kó lè máa kọ mọ̀nà lójú ẹni. Wọ́n ní ìyẹn ló ń fa agbára wálẹ̀. Onídán á wá fi ọkàn gbé àwòrán Horus, òrìṣà olórí àṣá ti Íjíbítì, wọ̀ bí ẹ̀wù, títí yóò fi gbà pé òun gan-an ni Horus. Ipò òrìṣà wá rọrùn ju iṣẹ́ àwòrò lọ!

Ní Íjíbítì àtijọ́, iṣẹ́ ń bẹ nídìí òrìṣà. Herodotus ará Gíríìkì kọ ọ́ pé àwọn àwòrò ń wẹ omi tútù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀mejì lóru, wọ́n sì ń fá gbogbo irun ara lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi òróró pa ère lára, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Àwọn àwòrò ló sì ń pín in jẹ nígbẹ̀yìn. Ní tẹ́ńpìlì Philae ni wọ́n ti gbẹ́ àkọlé hieroglyph, ìyẹn ìwé alááwòrán wọn, tó kẹ́yìn tí a mọ̀, ní ọdún 394. Nígbà tí àwọn abọ̀rìṣà tán pátápátá, àwòrán ṣẹ́ kù lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹbọ dópin.

Àwọn onídán lè ní, “Àwa gan-an ni ènìyàn tí òwe ń wí.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá bá ti di òrìṣà, ta ni yóò bọ ta? Wọ́n tún lè ní àwọn ará Íjíbítì náà ń pe ara wọn ní Horus nínú ọfọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́, nítorí ẹni tí àkeekèé ta ni oníṣègùn wọn ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, kí oró lè jáde lára aláìsàn. Ẹ gbé àwòrán Horus kọ́ sí pálọ̀, ó rẹwà. Ẹni tó bá fẹ́ di Horus, kó kọ́kọ́ wá aláìsàn tí yóò tọ́jú.