Lẹ́tà Ló Máa Ń Ṣíwájú Ogun Òyìnbó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Òyìnbó ìlú ọba ṣe fẹ́ràn ogun lẹ́nu tó, ẹ yọjú sí ilé ìdáná wọn. Wọ́n á da àlùbọ́sà sínú ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, ó parí: wọ́n ti "blitz" àlùbọ́sà nìyẹn. Bí wọ́n bá ya Sátidé kan sọ́tọ̀ láti gbá ilé kí wọ́n sì nu fèrèsé, blitz ni. Bí ọlọ́pàá bá dìde sí àwọn tó ń mutí wakọ̀ lásìkò Kérésì, blitz ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń polówó ọṣẹ lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n àti lára bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà, blitz náà ni. Àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú 3 tàbí 5 ní tiwọn. Ẹ sì kọjá sí Amẹ́ríkà, ẹ óò bá a lórí pápá bọ́ọ̀lù wọn, èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbá a. Bí agbo kan bá rọ́ lu ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù kó tó rí i jù, blitz!

Nílé, a kì í fi orúkọ kan pe gbogbo ìyẹn. Eṣú ló ń ya bo oko. Ibà ló ń kọ luni. Ọlọ́pàá ló ń káni mọ́lé, àna ló ń ṣígun wá nítorí pé ojú ọmọ rẹ̀ pọ́n, àwọn ọmọ ilé ló sì ń ṣùrù bo àwo ẹran nígbà tí Màmá bá kẹ̀yìn. Ìkọlù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ blitz tí Òyìnbó fi ń ṣeré yìí kì í ṣe eré níbi tó ti wá. Mọ̀nàmọ́ná ni àwọn ará Jámánì ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, ọkọ̀ òfuurufú Hitler bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bọ́ǹbù lé London lórí, kò sì dáwọ́ dúró títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1941; ìkọlù yẹn ni Òyìnbó sọ ní Blitz. Àwọn tó kú káàkiri Britain lé ní 40,000. Èèyàn ń sùn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, àwọn mìíràn ri ilé páànù mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wọ inú rẹ̀ sùn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn èèyàn wa náà wà níbẹ̀. WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta wà nídìí dídá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1925, wà ní London nígbà yẹn. Ita Ekpenyon, ọmọ Nàìjíríà láti ìhà Calabar, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò Marylebone tó sì ń darí èèyàn lọ síbi ìsádi. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ gbà pé aláwọ̀ dúdú máa ń mú oríire wá, nítorí náà wọ́n ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Lónìí, olóríire náà ló ń to ìlà fún físà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan: fèrè máa ń ké kí bọ́ǹbù tó balẹ̀. Ó jọ pé láti ìgbà náà ni Òyìnbó ti pinnu pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ kọ lu òun láìsọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Láńlọ́ọ̀dù tó fẹ́ wá wo ilé tó kọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ayálégbé ní wákàtí 24 ṣáájú. Kámẹ́rà ojú pópó tó ká ẹ mọ́ orí eré kò ní lé ẹ. Lẹ́tà ló máa fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti iye eré tó o sá.

Ti gbèsè ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní ilẹ̀ England, akódà kóòtù tó fẹ́ wá kó ẹrù onígbèsè gbọ́dọ̀ fún un ní ọjọ́ 7 gbáko, kò sì gbọdọ̀ dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ tàbí kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ológò, ẹni tó ń báni sin gbèsè nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ì bá wí sí èyí? Ológò kì í ní aago. Á wọlé, á na ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú onílé tìyá-tìyá. Oúnjẹ tí wọ́n bá sè, òun ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Adìyẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ti di tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹbí á ti máa yá owó kiri kí ọkùnrin náà lè gba ilé rẹ̀ lọ. Ọjọ́ méje kẹ̀? Ta ni yóò dúró dè é!

Wọlé-wọlé tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò náà kì í kọ̀wé. Ariwo àwọn ọmọ kéékèèké ni fèrè tiwa: "Wọlé-wọlé ń bọ̀ o!" Kíá, àwọn ìyá á ti da omi àmù nù sẹ́yìnkùlé, igbálẹ̀ á máa fò lókè. Ilé tí ìròyìn kò tètè dé ni ẹjọ́ máa ń kàn. Wọlé-wọlé nínú kakí á ṣí ìdérí àmù, á tẹ orí bọ inú rẹ̀, á sì rí tanwíji tó ń jó.

"Ọ̀gá, àárọ̀ yìí la pọn omi yẹn o."

"Ìyá, tanwíji yìí ńkọ́? Àárọ̀ yìí ni wọ́n bí òun náà?"

Ní ti àlejò, ẹ má wulẹ̀ dá a sílẹ̀. Àǹtí tó ń bọ̀ láti Ìkirè á kan ilẹ̀kùn ní kùtù hàì, tòun ti dòdò Ìkirè àti ọmọ mẹ́ta, á ní, "Mo ní kí n kàn yà kí yín ni." Yíyà ọ̀hún lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní ọjọ́ tó ń lọ; omi ìwẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbé fún un. Ní London, bọ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ sọ fún àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó fẹ́ wá kí i, pé kó fún òun láyè kí òun wo kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà! Àbúrò tó pọ̀n sẹ́yìn rí!

Ìkọlù kan ṣoṣo ni a ṣì ń ṣe ní London láìkọ lẹ́tà: ata díndín. Kí epo gbóná, kí rodo balẹ̀ sí i, kí fèrèsé wà ní títì nítorí òtútù. Aago iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ilẹ̀kùn á máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, Òyìnbó inú aṣọ àwọ̀sùn á máa wúkọ́ lójú àtẹ̀gùn, omi lójú, wọ́n á sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá gbogbo nǹkan wà dáadáa. Kò sí ẹni tó rántí pe ìyẹn ní blitz.

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851, tí ogun Dahomey wá sí Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá ti gbọ́ ṣáájú, wọ́n ti tún odi ìlú ṣe, wọ́n sì lé wọn padà. N kò lè bú lẹ́tà Òyìnbó nígbà náà. Ó dára fún láńlọ́ọ̀dù, ó dára fún akódà, ó sì dára fún kámẹ́rà. Mọ̀lẹ́bí nìkan ni kò dára fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi nílé, ẹ fi ẹran kún ọbẹ̀ lóṣù Kejìlá. Mò ń bọ̀, n kò sì ní pè kí n tó dé.