Frodo Délé Láìmú Nǹkan Kan Bọ̀

Ẹni tó bá lè jókòó wo sinimá The Return of the King dópin, tó sì lé ní wákàtí mẹ́ta, yóò rí ibì kan níbẹ̀ tí ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní gbà gbọ́ láéláé. Kì í ṣe aláǹtakùn tó tóbi ju mọ́tò lọ ni mò ń sọ, a ti gbọ́ irú ìyẹn rí. Ilé ọtí ni. Frodo àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti la ogun já, òrùka burúkú nì ti yọ́ sínú òkè oníná, ayé ti bọ́ nínú ewu, wọ́n wá padà sí Shire, ìlú wọn, lẹ́yìn oṣù mẹ́tàlá. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ife ọtí. Kò sẹ́ni tó kí wọn kú àbọ̀. Elégédé ràgàjì kan ni ojú gbogbo ilé ọtí wà lára ẹ̀. Oṣù mẹ́tàlá, ẹ̀yin èèyàn mi! Kò sì sẹ́nì kankan tó bi wọ́n pé, "Kí lẹ mú bọ̀?"

Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n bí sí London, ní ibẹ̀ ló dùn jù nínú sinimá náà. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé Ìjẹ̀bú-Òde ná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Campbell, kọ ìwé kan ní 1949, ó ní ọ̀nà kan náà ni gbogbo akíkanjú inú ìtàn ń tọ̀. Ìpè á dé, akíkanjú á kọ́kọ́ sá fún un, àgbà kan á fún un lóògùn tàbí idà, á sọdá ibodè, ojú rẹ̀ á rí màbo, á sì gbé ohun iyebíye padà wálé. George Lucas fi ọgbọ́n inú ìwé yìí ṣe Star Wars ní 1977, láti ìgbà náà ni Hollywood ti ń fi ìwọ̀n kan ṣoṣo gé ṣòkòtò fún gbogbo akíkanjú, àti gígùn àti kúkúrú. Kò burú. Ṣùgbọ́n Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ti jáde láti 1938, ọdún mọ́kànlá ṣáájú, ó sì ní ohun tí sinimá wọn kò kà sí. Ọba ló rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò lè dé kó yà sílé ọtí. Ó ní láti wá jíṣẹ́.

Àṣírí Frodo nìyẹn. Ìlú rẹ̀ kò rán an. Àjèjì ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tó rán an, Shire kò sì dá kọ́bọ̀ lé ìrìnàjò náà. Pẹ̀lú ẹnu wo ni wọ́n á fi béèrè? Èmi ńkọ́? Nígbà tí mo ń lọ sí London, ìyá mi kó àjọ rẹ̀. Àǹtí mi tó ń ta aṣọ l'Ókè-Àjé yá mi lówó tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àbúrò bàbá mi gbàdúrà, ó sì ń ka àdúrà náà mọ́ owó tó dá títí di òní. Ìdílé tó náwó báyìí, ṣé elégédé ni wọ́n fẹ́ wò?

Ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe sinimá Frodo, Tolkien, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wò kó tó kọ Shire. Ìyẹn ló jẹ́ kó yé mi. Mo ti Ìjẹ̀bú-Òde dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú mi dúdú bí ìdí ìkòkò, aládùúgbò mi ní London wò mí, ó ní, "Ọ̀la ni wọ́n máa kó pàǹtí o." Ó tán. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé orí dírágónì dé, ike pàǹtí tó yẹ kí n jù ú sí ló máa sọ fún mi. Kí a má purọ́, Tolkien mọ̀ pé nǹkan máa ń wà nílé de ẹni tó darí bọ̀: nínú ìwé rẹ̀ ti 1955, ìlú ti bàjẹ́ kí wọ́n tó dé, wọ́n sì tún ní láti jà. Peter Jackson yọ ibẹ̀ kúrò nígbà tó ṣe sinimá rẹ̀ ní 2003. Wọ́n sì fún sinimá náà ní Oscar mọ́kànlá! Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú ti ọmọ Ìjẹ̀bú, kí ló kù tó fẹ́ yà?

Torí tiwa, ibi àbọ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Dírágónì ìlú òyìnbó kò ju bílì iná àti bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin òru nínú òtútù lọ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn padà sílé lásìkò Ìléyá! Mi ò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tán tí Àǹtí Òkè-Àjé ti dì mọ́ mi, tí ojú rẹ̀ sì ti gba èjìká mi kọjá lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. O mà rù o. Báàgì méjì péré ni?"

Kí n tó fèsì, akápò ẹgbẹ́ wa ti pè. "Bọ̀dá London, ẹ kú ewu ọ̀nà. Owó aṣọ tèṣí ṣì wà lọ́rùn yín o, tọdún yìí sì ti jáde."

Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Ìléyá, kò gba àwáwí. Àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde ló dá a sílẹ̀, tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pé ó gbà wọ́n láàyè ẹ̀sìn wọn. Lónìí, gbogbo regbéregbé ló ń jó lọ síwájú ọba, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn, kí ìdílé àwọn Balógun tó fi ẹṣin àti ìbọn gba pápá. Ní 2024, Farooq Oreagba gun ẹṣin wọlé pẹ̀lú awò lójú. Kò pa ejò, kò pa ẹkùn, gbogbo ayé sì ń pín àwòrán rẹ̀ kiri. Níbẹ̀, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sáré lọ sẹ́yìn. Mo mọ ohun tí mò ń wí.

Bí a bá ń wá ẹni tí ìpè dé bá lókè òkun ní tòótọ́, ọba tí wọ́n jó fún ní Ojúde Ọba fún ọgọ́ta ọdún ó lé ni. Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó nílùú òyìnbó nígbà tí ilé ránṣẹ́ pè é wá jọba. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tó gorí ìtẹ́ ní oṣù Kẹrin 1960, orí rẹ̀ ló sì wà títí tó fi wàjà ní oṣù Keje 2025. Ìṣirò owó ló lọ kọ́ o! Ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn wo ló tún yẹ kó jọba lé wa lórí?

Sinimá tiwa náà mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀. Nínú Àníkúlápó tí Kúnlé Afọ́láyan ṣe ní 2022, Arọ́lákẹ́, olólùfẹ́ Saro, ló gba àdó tí Saro fi ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ Àkàlà. Saro di gbajúmọ̀, ó fẹ́ fi ọmọ ọba ṣaya, ó gbàgbé ẹni tó bá a dá òwò. Arọ́lákẹ́ da ohun inú àdó nù, ó wá ku Saro àti òkú tí kò dìde. Àǹtí Òkè-Àjé ti wo sinimá náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n lọ wò ó.

Ohun kan tí Campbell kò sọ ni pé ohun iyebíye náà tún ń bá akíkanjú jáde nílé. Ṣokoléètì àti bàtà ni mo gbé dé. Gààrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, ọṣẹ dúdú àti ata gígún ni wọ́n fi lé mi lọ. Ẹran ìgbẹ́ nìkan ni mo kọ̀, torí pé Ìlú Ọba kò gba ẹran wọlé. Báàgì kan kò gbọ́dọ̀ wọ̀n ju kílò mẹ́tàlélógún lọ, tèmi ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àǹtí ní kí n da gààrí sínú àpò agbádá méjèèjì, kí n wọ agbádá kejì lé e, torí pé wọn kì í gbé èèyàn sórí òṣùwọ̀n.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n ní pápá ọkọ̀ òfurufú l'Ékòó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó fa imú.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dì sínú fìlà yín?"

Irú ni.