Bí Mo Ṣe Gbé Ìwé Ìpàdé Lọ Síbi Ẹyin

Ẹni tó bá rí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta ọdún 2025, nínú ilé ìwòsàn kan ní Zone 4, Abidjan, tí mo jókòó sáàárín àwọn aláìsàn nínú agbádá funfun, tí mo gbá ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́ àyà, yóò rò pé òkú ni mo wá gbà. Kò sẹ́ni tó kú. Ara mi le koko. Ebi gan-an kò pa mí. Ẹyin ni wọ́n ní kí n wá jẹ.

Mi ò ní di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Ọmọ Èjìgbò ni mí. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé ó ṣòro kéèyàn rí agbo ilé kan níbẹ̀ tí kò ní ẹni tó wà ní Àbíjàn tàbí ẹni tó ti Àbíjàn dé. Ọkọ̀ ń gbéra láti ìlú wa, á gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, á gba Lomé àti Accra, á sì wọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire ní Noé. Èmi náà ti lọ lẹ́ẹ̀kan rí, lọ́dún 2010. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní àdúgbò Treichville lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mo fi ń ṣakọ láti ìgbà náà. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Ìbàdàn, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Àbíjàn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ni mo tó padà lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni mo dé. Ní alẹ́ Sátidé, àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n bí sí Treichville, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ẹ̀gbọ́n, lọ́la dimanche, a máa ṣe brunch ní Zone 4, rue du Docteur Blanchard, aago mọ́kànlá. Gbogbo wa la máa wà níbẹ̀. Ẹ má pẹ́ o.”

Imú ni àwọn tó ń sọ Faransé fi ń pe “brunch” yẹn. Ohun tí etí tèmi gbọ́ ni “bíráǹṣì”. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, bíráǹṣì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bíráǹṣì Èkó wà, ti Kàdúná wà, èmi sì ni akọ̀wé bíráǹṣì Ìbàdàn. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé wọ́n ti dá bíráǹṣì tuntun sílẹ̀ ní Zone 4, wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tó ti ilé wá fojú sí i. Inú mi dùn débi pé mo tún ọ̀rọ̀ ìkíni kọ kí n tó sùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo, “Kí lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?”, ì bá yọ mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi Àbíjàn ṣakọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnu rẹ̀ kì í gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Mo sì mọ ìpàdé. Ìpàdé aago mọ́kànlá, aago kan ni wọ́n ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin ni mínírà ń dé ọwọ́ èèyàn, bí ó bá kárí. Nítorí náà mo tọ́jú ikùn mi. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, mo gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo lọ jókòó sídìí àwọn tó ń ta garba. Attiéké ni wọ́n ń bù sínú abọ́, wọ́n á da ẹja tuna díndín lé e, wọ́n á gé àlùbọ́sà àti ata tútù sí i, wọ́n á wá fi òróró ẹja náà wọ́n ọn. Wọ́n ní ara Dicoh Garba, mínísítà kan láàárín àwọn ọdún 1970, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Attiéké fúnra rẹ̀, ọmọ ìyá gààrì ni: ẹ̀gẹ́ ni wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan, àmọ́ dípò kí wọ́n yan án, ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń sè é. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, UNESCO kọ ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sára ogún àjogúnbá aráyé. Mo jẹ abọ́ kan, mo ní kí wọ́n bu òmíràn. UNESCO kò lè máa yin oúnjẹ kí èmi máa jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ agbádá. Mo mú ìwé ìpàdé, mo mú àpòòwé tí bíráǹṣì Ìbàdàn fi rán mi sí àwọn ará Àbíjàn, 60,000 náírà ló wà nínú rẹ̀. Mo dá tákísì olómítà dúró, àwọn tó pọ́n bí ọsàn yẹn, mo ní, “Zone Quatre, Docteur Blanchard.” A gba Boulevard Valéry Giscard d'Estaing, títì gbọọrọ tó ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, a yà sọ́tùn-ún. Awakọ̀ já mi sílẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi díẹ̀. Ní Treichville tí mo mọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe òpópónà: Avenue 8, Rue 12, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá dárúkọ èèyàn fún ọ níbẹ̀, èèyàn ló ń wí. Ta ló sọ fún mi pé ní Zone 4, orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n fi sọ títì? Rue Pierre et Marie Curie wà níbẹ̀, tọkọtaya tó ṣàwárí rádíọ́mù. Rue Thomas Edison wà níbẹ̀, rue Paul Langevin náà wà. Èmi ti gbàgbé “rue” tí àbúrò mi sọ, “Docteur” ni mo gbá mú. Lójú tèmi, Dókítà Blanchard ni alága bíráǹṣì wa: Òyìnbó kan tó fẹ́ ọmọ Èjìgbò, tí ìlú sì ti fi joyè.

Mo bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì kan bóyá Dókítà Blanchard wà nílé. Ó wo agbádá mi, ó wo ìwé àyà mi, ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sóhun tó ń ṣe mí, dókítà ló ń retí mi. Ó mirí bí ẹni tí àánú ṣe, ó nawọ́ sí ilé ìwòsàn kan lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn àgbà ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo sì ṣìnà, nítorí pé èèyàn ni mo béèrè, mi ò béèrè ọ̀nà.

Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo gbà pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ àlejò ni. Ó wú mi lórí pé bíráǹṣì yìí létò ju tiwa lọ. Mo kọ orúkọ, mo kọ ọjọ́ orí. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó gbé mi wá, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé “réunion”, ìpàdé. Ó kà á, ó gbójú sókè wò mí, ó wá rọra bi mí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ tó ní ibà sọ̀rọ̀, bóyá ẹnì kan bá mi wá.

Mo ti lo ju ìdajì wákàtí lọ níbẹ̀ kí àbúrò mi tó pè. “Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ wà?” Mo ní, “Mo wà lọ́dọ̀ dókítà.” Igbe tó ké, gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tó fi sáré wọlé, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ti ń sunkún. Ilé kẹta sí ilé ìwòsàn náà ni ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń dúró dè mí.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, mo ṣì wà nínú ìpàdé. Mo gbé ohùn sókè: “Ẹ kú ìkàlẹ̀ o! Ẹ kú ìpàdé o!” Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn Òyìnbó Faransé tó wọ ṣòkòtò péńpé, àwọn ará Lébánónì tó kó ọmọ wọn wá, àwọn ọmọge Àbíjàn tó fi awò dúdú bojú, gbogbo wọn gbé ṣíbí dúró sí afẹ́fẹ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìmúra àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí kò bójú mu. Mo jókòó, mo ṣí ìwé, mo kọ déètì, mo ka orí: a jẹ́ méje. Mo wá bi ìyàwó àbúrò mi pé, “Alága dà?”

“Alága kí ni, bùọ̀dá mi?”

“Alága bíráǹṣì.”

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ìwé tó wà níwájú mi. Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ yìí rín lọ́jọ́ náà, mo gbà pé ó ń lọ títí di òní. Nígbà tí ìyàwó náà rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní, “Bùọ̀dá mi, oúnjẹ la wá jẹ o. Oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán ni wọ́n pa pọ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ bù ú. Iye kan náà lẹ máa san, kódà kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Ẹ wo ayé mi. Abọ́ garba méjì ti dì gbagidi sínú mi, wọ́n wá ń sọ fún mi pé kí n jẹ ẹ́ bó bá ṣe wù mí. Mo yí tábìlì oúnjẹ ká bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò lówó rà. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Lébánónì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ewé olóòórùn dídùn àti yánmọtí yan, ẹ̀wà wọn tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n da òróró lé wà níbẹ̀, croissant wà níbẹ̀ tí bọ́tà ń kán lára rẹ̀, àlókò, tí í ṣe dòdò wa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú adìẹ sísun. Kí wọ́n má baà ní mo ṣàfojúdi, mo gba ẹyin kan ṣoṣo. Mo fi ṣíbí kàn án, ó bẹ́, omi ìyeyè ṣàn sínú abọ́. Mo pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ, mo fi ọwọ́ júwe fún un pé kó dá a padà sórí iná, kò tíì jinná. Bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn, owó tó wà lórí àìjinná yẹn sì ju ti èyí tó jinná lọ.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ náà bi mí bóyá mo fẹ́ nǹkan míì. Mo fọwọ́ lu ikùn, mo fi ìgboyà sọ Faransé: “Je suis plein.” Orí àbúrò mi bọ́ sórí tábìlì. Ẹni tí ọtí pa, tàbí ẹran tó lóyún, ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Èdè tiwa náà lẹ́bi díẹ̀, nítorí yó kan náà la ní fún oúnjẹ àti fún ọtí. Àmọ́ a kò fi ti oyún kún un.

Ẹ rò pé ó parí? Nígbà tí ìwé owó dé, mo rí i pé 20,000 Sẹ́fà, owó ilẹ̀ wọn, ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gba ìwé náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n ni mí, èmi ni n ó san án. Ìṣirò tó wà lórí mi ni ti 2010, nígbà tí náírà kan ń ra Sẹ́fà mẹ́ta àti díẹ̀. Nínú ìṣirò yẹn, oúnjẹ àwa méje kò tó 50,000 náírà, n ó sì tún gba ṣéńjì. Mo fọ́n àpòòwé bíráǹṣì Ìbàdàn sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀.

Sẹ́fà jẹ́ owó tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Láti 1999 ni Yúró kan ti jẹ́ Sẹ́fà 655.957, kò yẹ̀ rí. Náírà tiwa já okùn, ó sì ti rìn jìnnà. Nígbà tí mo fi ń jókòó síbẹ̀, Sẹ́fà kan ti ń gba nǹkan bíi náírà méjì àbọ̀. Oúnjẹ ẹnì kan ti tó 50,000 náírà. Gbogbo owó tí ìlú fi rán mi ra oúnjẹ èmi nìkan, èmi tí mo jẹ ìdajì ẹyin. Àbúrò mi rọra kó náírà náà padà sínú àpòòwé, ó fi í sínú ìwé ìpàdé, ó san owó náà, kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

Lálẹ́ ni mo tó wá inú ọ̀rọ̀ náà wò. Guy Beringer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé brunch jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1895. Ó ní kí àwọn tó fi òru Sátidé ṣe fàájì má yọ ara wọn lẹ́nu láti jí jẹun lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n pa àárọ̀ mọ́ ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín. Ní yunifásítì, 0-1-0 là ń pè é, a kì í sì í fi agbádá jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá dárúkọ Àbíjàn ní ìpàdé, mi ò wúkọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá ń lọ, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ lọ sí Zone 4 lọ́jọ́ Àìkú, oúnjẹ ibẹ̀ dára. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn ọ̀sà, ẹ wá ìjókòó sí apá Biétry, lẹ́bàá Boulevard de Marseille. Bí owó kò bá tó, garba Treichville kò ní já yín kulẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ méjèèjì láàárọ̀ kan. Ẹ béèrè iye tí Sẹ́fà jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi agbádá sílé. Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ pàdé àwọn ní Docteur Blanchard, títì ni.